Ráìmù onísílébù púpọ̀ ní èdè Yorùbá: ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí ìlà ráàpù yín kò fi wọni létí bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáwẹ̀lì kan náà ló parí gbogbo wọn, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ráìmù onísílébù púpọ̀, ìyẹn kí ìró sílébù mélòó kan bára mu lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe lè bá èdè wa mu, ó lè bá a mu dáadáa. Ọdún 6 ni mo fi ṣe irú àṣìṣe yín yìí.

Rakim, olórin ráàpù ará Amẹ́ríkà, ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ń fetí sí, ẹni tó ti fi hàn láti ọdún 1987 pé ráìmù lè wà láàárín ìlà, kó sì gba sílébù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí olóògbé Dagrin wá fi ráàpù Yorùbá gba ìgboro ní ọdún 2009, mo rò pé kí n ṣáà kó ọgbọ́n Rakim wọ inú èdè wa ló kù. N kò rò ó dé ìdí. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu a máa tẹ sílébù kan ju òmíràn lọ, ibi tí ẹnu bá sì ti tẹ̀ ẹ́ ni ráìmù wọn ń dúró lé. Àwa ní fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 péré, fáwẹ̀lì ló sì ń parí ọ̀rọ̀ wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ná ata lọ́jà fi ń ṣe ráìmù onísílébù kan láìmọ̀. Etí kò kà á sí nǹkan kan.

Fóònù ló tàn mí jẹ. Mo ń kọ orin sínú rẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, mo fi agbára parí ìlà kan, mo fi àgbàrá parí èkejì, ojú mi sì rí ọ̀rọ̀ kan náà, nígbà tó jẹ́ pé re mí re (ohùn àárín, òkè, àárín) ni ti àkọ́kọ́, tí èkejì sì jẹ́ dò dò mí (ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè). Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gba orin náà sílẹ̀, onílù dùndún kan tó wá bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ gbọ́ mi. Kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó gbé ìlù há abíyá, ó fi kọ̀ǹgọ́ lu ìparí ìlà kìíní, ó lu ti èkejì, ó ní: “Àbúrò, ṣé bákan náà ni wọ́n dún?” Mo padà sílé láìgba orin kankan sílẹ̀, owó tí mo ti fi oṣù mẹ́rin kó jọ sì ti wọlé olówó.

Àgbàlá ló bá àgbàrá mu. Ẹ wo bí mo ṣe tún un kọ:

Òjò òru rọ̀, ó dàgbàrá;
omi rẹ̀ pọ̀, ó gbàgbàlá.

Láti orí rọ̀ àti pọ̀ ni wọ́n ti bára mu, sílébù 5 gbáko, fáwẹ̀lì àti ohùn, ìlù kan náà ni onílù yóò sì lù fún méjèèjì. Ìpajẹ, ìyẹn pípa fáwẹ̀lì kan jẹ níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé, ló ṣe é: ká ní mo sọ pé “ó di àgbàrá” àti “ó gba àgbàlá”, fáwẹ̀lì inú di àti ti inú gba kò ní jẹ́ kó bára mu. Àwọn kan a máa yí ohùn ọ̀rọ̀ po kí ráìmù lè bọ́ sí i, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn rárá, nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn ni olùgbọ́ yóò gbọ́.

Àwọn akéwì alohùn wa, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí ti ṣàlàyé, a máa mọ̀ọ́mọ̀ tún gbólóhùn sọ, kí wọ́n sì yí ohùn ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀ kí etí lè jí. Nítorí náà, agbára àti àgbàrá ṣì wúlò papọ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ wọn ni kí ẹ lò, ẹ má pè é ní ráìmù.

Bí kò bá sí onílù nítòsí, ẹ kùn ìlà méjèèjì lẹ́nu láìpe ọ̀rọ̀ inú wọn. Bí ìparí wọn bá yàtọ̀, èmi a máa pa ìlà kejì rẹ́, kódà bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá dùn mọ́ mi.