Ìlọ̀rí, Sàlàkọ́ àti Kòsọ́kọ́: ìtumọ̀ àwọn orúkọ ọkùnrin tí ó ti ń ṣọ̀wọ́n

Ìbéèrè: Nínú orúkọ àwọn baba ńlá wa, mo rí Ìlọ̀rí, Sàlàkọ́ àti Kòsọ́kọ́. Ìyàwó mi lóyún, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ọkùnrin ni. N kò fẹ́ orúkọ tí ó wà ní gbogbo ojúlé. Kí ni ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ṣé mo sì lè yan ọ̀kan nínú wọn fún ọmọ náà?

Ìdáhùn: Nínú orúkọ mẹ́ta tí ẹ kọ yìí, kò sí èyí tí bàbá kan jókòó yàn nítorí pé ó dùn ún gbọ́ létí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Ìlọ̀rí àti Sàlàkọ́, orúkọ àbíkú sì ni Kòsọ́kọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà oyún, lórí ìkúnlẹ̀, tàbí kí oyún náà tó dé rárá ni ó bí orúkọ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ ní láti dúró kí ọmọ dé ná kí ẹ tó mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú wọn tọ́ sí i.

Ìlọ̀rí ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ láìtíì padà rí nǹkan oṣù lẹ́yìn ìbí tí ó ṣáájú. Láyé àtijọ́, obìnrin a máa fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta, kì í sì í sún mọ́ ọkọ rẹ̀ títí yóò fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Bí ó bá wá padà sọ́dọ̀ ọkọ kí nǹkan oṣù tó dé, oyún lè dúró láìsí pé òun fúnra rẹ̀ fura, nítorí kò ní oṣù kankan tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lọ sí oko, ó ń lọ sí ọjà, ó gbà pé ọmú tí òun ń fún ọmọ ni kò jẹ́ kí òun tíì rí nǹkan oṣù, àfi lọ́jọ́ tí ọlẹ̀ bá sọ nínú rẹ̀. Ọmọ tí a kò ka oṣù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Ìlọ̀rí ni yóò sì máa jẹ́. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i nínú ìtàn ìdílé yín pé ẹ̀gbọ́n kan wà ní iwájú Ìlọ̀rí yín tí kò fi ọjọ́ púpọ̀ jù ú lọ. Mo ní láti fi kún un pé orúkọ náà kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Obìnrin tí ó bá gba ọ̀nà kan náà wá, Ìlọ̀rí ni òun náà.

Ti ọkùnrin gan-an ni Sàlàkọ́. Òun ni ọmọkùnrin tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lórí tàbí lójú nígbà tí ó wáyé, bí ó bá sì jẹ́ obìnrin ni, Tàlàbí ni wọn yóò pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń jẹ́ Tàlàbí lónìí nítorí pé ó ti di orúkọ ìdílé wọn. Ẹ ó rí i pé àlà wà nínú orúkọ méjèèjì. Aṣọ funfun Ọbàtálá ni àlà, Ọbàtálá yìí kan náà sì ni àwọn bàbá wa gbà pé ó ń mọ ọmọ sínú ìyá rẹ̀. Nígbà tí agbẹ̀bí bá na ọwọ́ gba ọmọ, tí ó bá rí awọ funfun náà lójú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ fi ìka ṣí i kúrò ní imú àti ẹnu kí ọmọ lè mí. Lójú àwọn obìnrin tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀ náà, aṣọ òrìṣà ni ọmọ wọ̀ wá, wọn kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó pè é ní Sàlàkọ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé gbogbo àpò omi náà ni kò ya, tí ọmọ wà nínú rẹ̀ odindi, Ọ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Àpò ńlá ni ọ̀kẹ́, irú èyí tí wọ́n ń di owó ẹyọ sí, 20,000 ẹyọ owó ni wọ́n sì ń kà sí ọ̀kẹ́ kan.

A máa ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ àbísọ, ìyẹn èyí tí òbí yàn fún ọmọ, ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń kó ọmọkùnrin jáde nígbà àtijọ́, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Kí ọjọ́ náà tó pé, orúkọ àmútọ̀runwá ti wà lẹ́nu gbogbo agbo ilé. Ẹni tí ó gbẹ̀bí ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, kì í ṣe bàbá ọmọ, tí kò sí lórí ìkúnlẹ̀.

Ibi yìí gan-an ni mo rò pé orúkọ wọ̀nyí ti ń sọnù. Yàrá ìgbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kì í gba ìyá ọkọ tàbí àwọn ìyàwó ilé láàyè mọ́, nọ́ọ̀sì tí ó sì rí awọ lójú ọmọ yóò nù ún kúrò, yóò wọn ìwúwo ọmọ, yóò kọ aago tí ó dé, kò sì ní rántí sọ fún ẹnikẹ́ni pé Sàlàkọ́ ni. Ìgè, ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ ṣíwájú wáyé, tí wọ́n ń kì ní Ìgè Àdùbí nítorí pé a dù ú kí a tó bí i, ti ń dín kù pẹ̀lú, torí pé dókítà tí ó bá ti rí i pé ẹsẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀ sábà máa ń yan iṣẹ́ abẹ. Inú mi dùn sí ẹ̀mí ìyá àti ọmọ tí ó ń tipa bẹ́ẹ̀ yọ, síbẹ̀ ó dùn mí pé a kì í béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó gbẹ̀bí bí ọmọ ṣe wá. Dàda àti Olúgbódi ni èyí kò lè ṣe ní nǹkan kan, nítorí pé gbogbo ojú ni ó ń rí irun tí ó ta kókó lórí Dàda àti ìka kẹfà lọ́wọ́ Olúgbódi.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ẹnikẹ́ni lè jẹ́ orúkọ tí ó bá wù ú. Fífa orúkọ àmútọ̀runwá gùn báyìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí: Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ti kọ ọ́ pé Òjó, tí ó tọ́ sí ọmọkùnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, ti di orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ tí ìwọ́ kò kọ́ lọ́rùn pẹ̀lú, bí ó bá ti jẹ́ ààyò ìyá rẹ̀. Ní tèmi, n kò gbà á. Ẹni tí a bá pè ní Sàlàkọ́ láìrí awọ lójú rẹ̀, ìròyìn tí kò ṣẹlẹ̀ ni a fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Ó wá ku Kòsọ́kọ́, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ìdílé tí ọmọ ń kú léraléra ni ó ń sọ ọ́. Kò sí ọkọ́ mọ́, ìyẹn ni pé ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ sin àbíkú ti tán nílẹ̀, nítorí náà ìwọ jókòó tì wá. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni Àkísàtán, tí ó ń sọ fún àbíkú pé aṣọ gbígbó tí wọn ìbá fi dì í sin kò sí mọ́. Ọba kan jẹ́ Kòsọ́kọ́ ní Èkó. Ó gorí ìtẹ́ ní 1845, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì lé e kúrò ní oṣù Kejìlá 1851. Orúkọ àbíkú kò sì ní kí ẹni tí ó jẹ́ ẹ má di ńlá: Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1937, ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tí ó yè. Káṣìmáawòó ni K tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ dúró fún, ọ̀rọ̀ òbí tí ẹ̀rù ṣì ń bà láti pe ọmọ ní tirẹ̀. Bí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ kò bá ti sí nínú ilé yín, n kò rí ìdí tí ẹ ó fi gbé e fún ọmọ tuntun. Ẹ jẹ́ kí ó wà gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé.

Bí ó bá jẹ́ orúkọ ọkùnrin tí kò wọ́pọ̀ ni ẹ ń wá, inú oríkì àbísọ, ìyẹn orúkọ ìkẹ́ tí wọ́n fi ń ki ọmọ, ni kí ẹ wò. Ìfẹ́ òbí ni ó ń mú oríkì wá, kò béèrè ẹlẹ́rìí kankan, akin àti agbára sì ni ti ọkùnrin sábà máa ń sọ. Gbogbo ènìyàn mọ Àjàní, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ Àjàgbé, ẹni tí a jà kí a tó gbé, tàbí Àjàmú, ẹni tí a jà kí a tó mú. Dájúdájú, Sàlàkọ́ yín náà ní oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é láàárọ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé, pàápàá àwọn obìnrin, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń kì í. Bí ó bá jẹ́ èyí tí kò wọ́pọ̀, kò sí ohun tí ó ní kí ẹ má fún ọmọ yín. Kí ẹ sì bi nọ́ọ̀sì tí ó gbẹ̀bí, kí ó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bóyá orí ni ọmọ gbé wá tàbí ẹsẹ̀, bóyá ó dojú bolẹ̀ wáyé, bóyá ìwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, bóyá awọ bò ó lójú.