Ṣé ọmọ orílẹ̀-èdè méjì lè gba security clearance (ìyọ̀ǹda láti rí àṣírí ìjọba) ní Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan tó tún ní ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè mìíràn, tí àwọn òbí rẹ̀ sì wà lókè òkun.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè rí i gbà. Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì nìkan kò dínà mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlànà SEAD 4, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń pinnu ẹni tó yẹ, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹfà ọdún 2017, sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Ohun tó ń kó bá èèyàn ni kó fi ìwé ìrìnnà kejì pamọ́ fún ìjọba, tàbí kó má lo ti Amẹ́ríkà nígbà tó bá ń wọlé tàbí jáde níbẹ̀.

Ti ẹbí ló gba àròjinlẹ̀ jù. Kì í ṣe iye mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ń kà. Wọ́n ń wò ó bóyá ẹnìkan lè tipasẹ̀ wọn fúngun mọ́ yín. Ìyá tó ti fẹ̀yìn tì ní Kánádà kò jọ ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá ológun ní Ṣáínà. Wọ́n á tún wo ilé tàbí owó tí ẹ ní lọ́hùn-ún, kí wọ́n fi wé ohun tó so yín mọ́ Amẹ́ríkà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ gbogbo mọ̀lẹ́bí wọ̀nyí sínú fọ́ọ̀mù SF-86, èyí tí wọ́n fi ń béèrè fún ìyọ̀ǹda náà, títí kan àwọn àna àti òbí tó ti kú. Mọ̀lẹ́bí tó wà lókè òkun ṣeé ṣàlàyé. Irọ́ inú fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀.