Ta Ló Gbé Àlùmọ́gàjí Lé Ẹ Lọ́wọ́?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Létà tẹ́ ẹ kọ lórí iṣẹ́ aṣọ lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mo kà gbogbo ẹ̀, mo wá mú mẹ́rin níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yìí ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí ó kan èmi fúnra mi.

Àǹtí, ẹ káàsán mà. Ìbàdàn ni mo wà. Mo ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá mi tí mo ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó ku ọdún kan kí n ṣe fíríídọ̀mù. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò tíì gé aṣọ kọ́sítọ́mà kankan rí. Tí ọ̀gá bá ti fẹ́ gé aṣọ, wọ́n á ní kí n lọ pọnmi, tàbí kí n lọ mú àwọn ọmọ wá láti skúùlù. Mo mọ̀ ọ́n rán dáadáa o, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n gé aṣọ báyìí, àyà mi á máa já. Màmá mi dẹ̀ ti ń tọ́jú owó fíríídọ̀mù. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ iṣẹ́, Ìbàdàn

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ohun tójú èmi náà rí nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá tèmi, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n mọṣẹ́ gan-an ni, bùbá tí wọ́n bá gé, ṣe ló máa dà bíi pé ara ẹni yẹn ni wọ́n ti hun ún. Àmọ́ yàrá inú ni wọ́n ti ń gé aṣọ, wọ́n á fa kọ́tìnì, aṣọ tí wọ́n ti gé tán tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ni wọ́n máa kó jáde fún wa, àwa á wá jókòó ti máṣíìnì. Nígbà tí mo ṣe fíríídọ̀mù, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n fún mi ní sátífíkéètì, a jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá kan ládùúgbò wa gbé léèsì yàádì márùn-ún wá pé òun ló máa kọ́kọ́ fún mi níṣẹ́. Mo gé e. Apá bùbá yẹn ò gba apá ìyá náà wọlé, ibi ihò ọrùn dẹ̀ fẹjú débi pé èjìká kan ń yọ́ bọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san owó léèsì yẹn. Ìyá náà ò pariwo lé mi lórí o, ó kàn wò mí, ó ní ṣé o kọ́ṣẹ́ yìí lóòótọ́ ṣá, ìbéèrè yẹn ò tíì kúrò létí mi dòní.

Torí náà mo máa sọ ọ́ fún ẹ láìfi bò: ẹni tí ò tíì fọwọ́ ara ẹ̀ gé aṣọ, aṣọ rírán ló kọ́, kò tíì kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ọdún kan tó kù yìí ni iṣẹ́ ẹ gan-an wà.

Àkọ́kọ́, kí ìwọ àti màmá ẹ lọ rí ọ̀gá ẹ lálẹ́, nígbà tí kò ní sí kọ́sítọ́mà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má lọ bá wọn jà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, torí aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ bá bàjẹ́, ọrùn ọ̀gá ni gbèsè ẹ̀ ń bọ̀ sí. Kúnlẹ̀, kó o sọ pé ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa gé aṣọ kan lọ́sẹ̀ lójú yín, kó jẹ́ Áńkárá témi fúnra mi rà, tàbí aṣọ ọmọdé. Tí wọ́n bá gbà, ó tán. Tí wọn ò bá gbà, kí màmá ẹ bi wọ́n tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé ọdún kẹta yìí, kí ló kù tí ọmọ òun máa kọ́. Ó yẹ kí wọ́n lè dáhùn ìyẹn.

Ìkejì, má dúró dè wọ́n. Lọ ra brown paper àti tépù, àwọn méjèèjì ò wọ́n. Wá aṣọ ẹ kan tó ti gbó àmọ́ tó bá ẹ lára mu dáadáa, fi bíléèdì tú gbogbo ojú ìránpọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó o tẹ́ ẹ sórí pépà, kó o yà á. Wàá rí bí ihò apá ṣe ń tẹ̀, wàá rí i pé iwájú àti ẹ̀yìn ò rí bákan náà, pé ọrùn iwájú jìn ju tẹ̀yìn lọ. Aṣọ yẹn á kọ́ ẹ ní ohun tí kọ́tìnì ọ̀gá ẹ ń bò. Lẹ́yìn ìyẹn kó o wá máa ya tìẹ látorí ìwọ̀n: àyà, ìbàdí, ìdí, èjìká, gígùn ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìbàdí. Tí àyà bá jẹ́ ínṣì 36, ìdá mẹ́rin ẹ̀ ni 9, àmọ́ tó o bá gé e ní 9 gééré, ẹni yẹn ò ní lè mí nínú ẹ̀, torí ojú ìránpọ̀ máa jẹ nínú ẹ̀, ara náà dẹ̀ fẹ́ àyè. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń fi ínṣì kan tàbí ínṣì kan ààbọ̀ kún un, ó sinmi lórí irú aṣọ àti bí ẹni náà ṣe fẹ́ kó fún òun tó. Aṣọ tó ń nà, o ò ní fi tó bẹ́ẹ̀ kún un. Aṣọ funfun tí ò wọ́n ni kó o kọ́kọ́ fi gbìyànjú, kó o wọ̀ ọ́ fún àbúrò ẹ, kó o wo ibi tó ti fà àti ibi tó ti ṣò, kó o padà sórí pépà kó o tún un yà. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà ogún, àyà ẹ ò ní já mọ́.

Ti owó fíríídọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bẹ màmá. Kúlà àti àgọ́ ò ní rán aṣọ fún ẹ. Ẹ dín àríyá kù, kẹ́ ẹ fi owó yẹn ra máṣíìnì wífìn, kódà kó jẹ́ tókùnbọ̀, torí aṣọ tí etí ẹ̀ ń tú, kọ́sítọ́mà ò ní gbé òmíràn wá.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba rísọ́ọ̀tì WAEC mi ni. Fashion ni mo fẹ́ ṣe, àmọ́ dádì mi ní àwọn ò rán mi ní skúùlù torí kí n wá di télọ̀, pé yunifásítì ni mo máa lọ. Mo rí fashion school kan l'Ékòó tó ní oṣù mẹ́ta péré ni, wọ́n á dẹ̀ fún mi ní sátífíkéètì. Ṣé kí n lọ síbẹ̀, àbí kí n lọ bá ọ̀gá kọ́ṣẹ́, àbí kí n gbọ́ ti dádì? — Ọmọ Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, dádì ẹ ò kórìíra ẹ, ojú tí wọ́n fi ń wo télọ̀ láyé ìgbà tiwọn ni wọ́n fi ń wò ó. Bá wọn sọ ìtàn Màmá Shade Thomas-Fahm. Ọdún 1953 ni wọ́n lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n wá yí i padà sí iṣẹ́ aṣọ, wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà St Martin's níbẹ̀, ọdún 1960 tá a gba òmìnira ni wọ́n padà wálé tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó. Àwọn ni wọ́n sọ ìró di èyí tó ní sípù téèyàn á kàn wọ̀, wọ́n ṣe gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, wọ́n mú agbádá ọkùnrin wọ́n sọ ọ́ di aṣọ obìnrin. Lọ́dún 2022, iṣẹ́ wọn wà nínú àfihàn aṣọ Áfíríkà tí mùsíọ́ọ̀mù Victoria and Albert ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo nǹkan tí wọ́n ṣe yẹn, látorí aṣọ tá a ti ń wọ̀ nílé ni wọ́n ti mú un, ìwé tí wọ́n kà ló jẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n á ṣe ya á kó tó di gígé.

Ọ̀nà kan dẹ̀ wà tó máa tẹ́ ìwọ àti dádì lọ́rùn. Yaba College of Technology ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ, JAMB lo máa fi wọlé, ọdún méjì ni ND, tó o bá tún fẹ́, o lè ṣe HND ọdún méjì sí i. Ìwé ìjọba ni, dádì lè fi yangàn níwájú àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Tí iyẹn ò bá ṣeé ṣe báyìí, lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, kó o wá jókòó fún ìdánwò NABTEB, ìyẹn ìdánwò ìjọba fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́, lórí aṣọ rírán tàbí trade test ti ìjọba àpapọ̀, téèyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti Grade 3 lọ sí Grade 1. Ọwọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tó ní láárí, èèyàn ò lè fojú kéré ẹ.

Ti oṣù mẹ́ta yẹn, mi ò ní sọ pé kò dáa, àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ọ̀yàn dáadáa. Àmọ́ má wo Instagram wọn. Lọ síbẹ̀ fúnra ẹ, ní kí wọ́n mú aṣọ tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn rán wá, kì í ṣe èyí tí ọ̀gá rán o, kó o wá yí i sódì. Inú aṣọ ni òótọ́ wà. Wò ó bóyá etí ẹ̀ mọ́, bóyá líníǹ ẹ̀ ò fà, bóyá sípù ẹ̀ ò wú. Ka iye máṣíìnì tó wà níbẹ̀ àti iye ọmọ tó ń lò ó. Bi wọ́n pé láàárín oṣù mẹ́ta yìí, aṣọ mélòó ni mo máa gé fúnra mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Tí wọn ò bá rí i dáhùn tààrà, gba ilé ẹ lọ.

Àǹtí, ọkùnrin ni mí, báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Mo nífẹ̀ẹ́ aṣọ ju owó tí mo ń kà lọ, àmọ́ mi ò lè rán bọ́tìnì. Ṣé àyè wà fún mi? — Ayọ̀, Súrùlérè

Àbúrò, àyè wà. Ìwé òfin ni Omoyemi Akerele kà, òun ló dá Lagos Fashion Week, ètò ńlá tí wọ́n ti ń ṣàfihàn aṣọ l'Ékòó, sílẹ̀ lọ́dún 2011. Ìwé òfin náà ni Lisa Folawiyo kà kó tó bẹ̀rẹ̀ Jewel by Lisa lọ́dún 2005, tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe Áńkárá lọ́ṣọ̀ọ́ títí tí Áńkárá fi di aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sóde ńlá. Ẹni tó mọ ìṣirò, tó lè bá àwọn tó ń ta aṣọ dúnàádúrà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ọjà dé ibi tó ń lọ lásìkò, àwọn oníṣẹ́ aṣọ ń wá a lójú méjèèjì. Ìwọ tó o wà ní báǹkì ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò ní.

Àmọ́ o gbọ́dọ̀ mọ aṣọ. Lo ọjọ́ ìsinmi ẹ, kó o lọ sí Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, kó o wo àwọn aládìrẹ, kó o bi wọ́n ní ìyàtọ̀ láàárín èyí tí wọ́n fi okùn dì, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà, àti èyí tí wọ́n fi àbẹ́là tẹ̀. Lọ sí Ìṣẹ́yìn, kó o jókòó ti ahunṣọ kan láti àárọ̀ dalẹ́, wàá rí i pé aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun, tí wọ́n á tó wá rán an pọ̀, o ò dẹ̀ ní bá wọn ná an nínàkunà mọ́. Mọ àwọn irú òfì náà: mọ sányán, mọ àlàárì, mọ ẹtù. Ní Òṣogbo, ilé iṣẹ́ ọnà tí Màmá Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ lọ́dún 1983 wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níṣẹ́. Wo Kenneth Ize tó ń ṣe aṣọ náà, Vienna nílẹ̀ Austria ló ti kàwé, àmọ́ aṣọ òkè tí àwọn ahunṣọ wa ń hun ló gbé dé Paris lọ́dún 2020, tí Naomi Campbell, gbajúmọ̀ módẹ́ẹ̀lì, wọ̀ ọ́ rìn níbi àfihàn. Má tíì fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ o. Fi ọdún kan ṣe èyí ná.

Ẹ káalẹ́ mà. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mò ń rán aṣọ ẹbí fún àwọn èèyàn wa níbí. Iṣẹ́ ń wá, àmọ́ owó ò dúró, gbogbo wọn ló ń sọ pé “Sísí, ẹ ṣe é fún wa bí ti ilé.” Ṣé kí n padà sí skúùlù ni? — Màmá Ìbejì

Màmá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Kì í ṣe skúùlù ló kọ́kọ́ kàn, iye tẹ́ ẹ̀ ń gbà ni. Iná tẹ́ ẹ̀ ń tàn àti háyà ilé tẹ́ ẹ̀ ń san kì í ṣe ti ilé, báwo ni owó iṣẹ́ ṣe máa wá jẹ́ ti ilé? Ẹ wo wákàtí tẹ́ ẹ̀ ń lò lórí aṣọ kan, pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ fi wọn kọ́sítọ́mà, èyí tẹ́ ẹ fi wá òwú àti sípù, àti ìgbà tó bá padà wá pé ẹ bá òun tú ìbàdí ẹ̀. Ẹ fi iye tí ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n máa san fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí kan ṣírò ẹ̀, ó kéré tán. Ẹ wo bó ṣe jìnnà sí ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbà báyìí.

Tí ìyẹn bá ti dúró, ẹ lè wá wo àwọn kọ́ọ̀sì kékeré. London College of Fashion ti kó lọ sí Stratford láti 2023, wọ́n máa ń ní kọ́ọ̀sì kúkúrú tí ò ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ti pátánì, ìyẹn yíya aṣọ sórí pépà kẹ́ ẹ tó gé e, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ fi ti yíyàwòrán sílẹ̀ ná.

Fún aṣọ mẹ́ta tó ń bọ̀ yìí, ẹ kọ gbogbo wákàtí ẹ̀ sínú ìwé, ẹ má yọ ìṣẹ́jú kankan, kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ sí mi ká jọ ṣírò owó ẹ̀ pọ̀.