Ẹran Pupa Tó Hù Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Ojú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ti gé jẹjẹrẹ kúrò lójú màmá mi, lórí funfun ojú níhà imú. Ní báyìí, ẹran pupa kan ti hù síbẹ̀. Bí aṣọ ìnujú bá kàn án, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà. Ṣé jẹjẹrẹ náà ló padà? Aládùúgbò wa ní ká ra oògùn ìkánlójú ní kẹ́míìsì.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, kì í ṣe jẹjẹrẹ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Egbò tó ń jinná máa ń hu ẹran àléékún nígbà míì. Ó máa ń pupa, ó máa ń rọ̀, ó ń yára tóbi, kò sì ní pẹ́ ṣẹ̀jẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló sábà ń yọjú. Jẹjẹrẹ tó bá ń padà bọ̀ kì í sábà yá tó bẹ́ẹ̀. Òun máa ń funfun, tàbí kó máa dán bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, ẹ ó sì rí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá tó forí lé e. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà láìrí ojú náà. Ẹ gbé màmá padà sọ́dọ̀ dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sí kẹ́míìsì. Òótọ́ ni pé oògùn ìkánlójú tó ní sítẹ́rọ́ìdì (oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀) máa ń mú kí irú ẹran yìí súnkì, dókítà sì lè kọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ò bá máa wọn bí inú ojú náà ṣe ń le sí, oògùn náà lè fa glaucoma, àìsàn ojú tó ń ba iṣan ìríran jẹ́ láìsí ìrora rárá. Bí ẹran náà bá kọ̀ tí kò lọ, wọ́n á gé e, wọ́n á sì gbé e lọ sí lábù.

Lórí ọ̀rọ̀ lábù: ẹ béèrè èsì ẹran tí wọ́n kọ́kọ́ gé. Ṣé jẹjẹrẹ wà létí ẹran náà? Oníṣẹ́ abẹ máa ń gé bíi mìlímítà 3 sí 4 nínú ara tó dáa mọ́ ọn, ó sì máa ń fi òtútù líle pa etí tó kù. Síbẹ̀, ó lè ṣẹ́ kù. Nínú ìwádìí kan ní Kenya, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016, àwọn kan kán fluorouracil, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, sójú fún ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Láàárín ọdún kan, jẹjẹrẹ padà sójú 5 nínú àwọn 47 tó lò ó, ó sì padà sójú 17 nínú àwọn 47 tí wọn ò lò ó. Ẹ bi dókítà yín bóyá oògùn náà yẹ màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàyẹ̀wò HIV fún wọn pẹ̀lú, torí ó máa ń bá jẹjẹrẹ yìí rìn nílẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ibi tí wọ́n gé bá ń dúdú tàbí tó ń ṣe bíi búlúù, funfun ojú ti ń fẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, tàbí tí ojú ń dunni gan-an, tàbí tí ìríran ń ṣú, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Bí ìpénpéjú bá ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, tí màmá sì ń rí nǹkan kan ní méjì tí wọ́n bá wo ẹ̀gbẹ́, àpá ló ń fà á. Ìyẹn náà ní ìtọ́jú, ó sàn kí wọ́n tètè rí i.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti jinná, kí màmá ṣì máa lọ fún àyẹ̀wò fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n sì máa dé fìlà etí gbòòrò nínú oòrùn.