Kí ló dé tí epo pupa fi ń léfòó lórí omi, nígbà tó jẹ́ pé ó ki ju omi lọ?

Torí pé kíki yàtọ̀ sí wíwúwo. Ohun méjì lo pa pọ̀.

Ohun tó ń pinnu èyí tó máa wà lókè ni bí ohun tó kún inú àyè kan náà ṣe wúwo tó, ìyẹn density. Lítà omi kan tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1; lítà epo pupa kan kò ju bíi 0.9 lọ. Epo ló fúyẹ́, ló bá gorí omi.

Kíki, tí wọ́n ń pè ní viscosity, jẹ́ bí nǹkan ṣe ń lọ́ra láti ṣàn. Bí ìpele kan nínú ohun tó ń ṣàn ṣe ń yọ̀ kọjá lára èkejì, wọ́n ń fa ara wọn sẹ́yìn. Pascal-second ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ti omi sì jẹ́ nǹkan bíi 0.001 ní 20°C. Ooru máa ń dín kíki ohun olómi kù gan-an: gbé epo tó dì lásìkò ọyẹ́ kaná, wàá rí i bó ṣe máa ṣàn wẹ́rẹ́. Síbẹ̀, orí omi náà ló máa wà.

Oyin ló ń tan èèyàn jẹ ní tiẹ̀, torí ó ki, ó tún wúwo. Lítà rẹ̀ kan tó bíi kìlógíráàmù 1.4. Da díẹ̀ sínú ife omi tútù, má fi ṣíbí rò ó. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ tààrà.