Ẹ má ṣe fọ́tókọ́pì odindi ìwé nítorí ìjíròrò

Ìbéèrè: Okun o, ọ̀gá wa. Ẹgbẹ́ òǹkàwé ni wá ní Kabba, a tó ọgọ́ta. A fẹ́ kí ilé ìkàwé yunifásítì gbà wá lálejò fún ìjíròrò lórí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wa. Ṣé láíbìrì lè bá wa fọ́tókọ́pì rẹ̀ lọ́nà ọgọ́ta, àbí ká kàn fi PDF rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́? Ìwé àtijọ́ ni, òǹkọ̀wé ti kú, a ò sì ní tà á. Èló ni ká sì múra sílẹ̀ fún alága àti àwọn olùfilọ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Okun o, ẹ kú ìmúra. Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ti ìparí kúrò nílẹ̀. Ìjíròrò ìwé kì í ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé. Kò sí ẹni tí yóò ná owó lé ìwé lórí níbẹ̀, ẹ ò sì nílò alága. Ẹnì kan tó ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, tó sì mọ bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ lẹ́kun mọ́ alásọjù lẹ́nu, ni kí ẹ fi ṣe olùdarí. Ó parí.

Ọ̀rọ̀ fọ́tókọ́pì ló ká mi lára, nítorí ẹgbẹ́ tó ń béèrè rẹ̀ pọ̀, àwíjàre mẹ́ta yìí kan náà ni gbogbo wọn sì ń mú wá: ìwé ti pẹ́, òǹkọ̀wé ti kú, a ò ní tà á. Kò sí èyí tó dúró nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, kì í bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ọjọ́ tí ìwé jáde. Ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú ló ti ń kà á, ó sì ń ka 70 ọdún. Lóòótọ́, 1938 ni ìwé yìí jáde, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni Fágúnwà kú. Ẹ fi 70 lé e: ó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2033. Títí dìgbà náà, ìwé náà ní olówó. Ẹni tó bá ní òun yóò kúkú lo ti Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ní 1968, ọ̀ràn tirẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìtumọ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sì wà láàyè.

Ní ti pé ẹ ò ní tà á, òfin fàyè gba ìlò díẹ̀ fún ìwádìí, fún ẹ̀kọ́ àdákọ́ àti fún àtúpalẹ̀ iṣẹ́. Ohun mẹ́rin ló sì ń wò: kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ wo ni, báwo ni ohun tí ẹ mú nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí ni yóò sì ṣe fún ọjà ìwé náà. Odindi ìwé lọ́nà ọgọ́ta kò lè yege nínú méjì tó kẹ́yìn. Ẹni tó fọ́tókọ́pì ojú ìwé mẹ́ta láti lọ kà á nílé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Lọ́yà kọ́ ni mí o. Bí ọ̀rọ̀ yín bá kọjá èyí, ẹ bi lọ́yà tàbí àjọ ìjọba tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Àmọ́ ẹ má retí kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kankan ti ọrùn bọ̀ ọ́ fún yín.

Ká tiẹ̀ pa òfin tì, fọ́tókọ́pì ń ba ìwé Yorùbá jẹ́. Bí ẹ̀dà tí ẹ ní bá ti gbó, ohun tó kọ́kọ́ ń pòórá ni àmì abẹ́ lẹ́tà, àmì ohùn a sì tẹ̀ lé e. ‘Ọdẹ’ á di ‘ode’, ẹni tó ń kà á sókè á pè é ní ‘òde’. ‘Ọkọ’, ‘ọkọ́’ àti ‘ọkọ̀’ á di ‘oko’ kan náà. Nílẹ̀ Okun níbí, Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú tàbí Bùnú ni ọ̀pọ̀ wa ń sọ nílé. Inú ìwé la ti bá Yorùbá àjùmọ̀lò pàdé, àmì wọ̀nyẹn la sì ń dì mú bí a bá ń kà á. PDF tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sọ di ọ̀rọ̀ títẹ̀ tún burú jù: ẹ á di e, ọ á di o, nígbà mìíràn á di lẹ́tà tí kò sí lédè wa rárá. Wákàtí kan á lọ sórí àríyànjiyàn ohun tí òǹkọ̀wé kọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ nǹkan kan nípa ìtàn náà.

Ẹ ṣírò owó rẹ̀ náà. Ìwé olójú ìwé 100, bí ẹ bá to ojú ìwé méjì sórí ewé pépà kan, ewé 50 ni fún ẹ̀dà kan. Lọ́nà ọgọ́ta, ó di ewé 3,000, ìyẹn rímù mẹ́fà, láìtíì ka íńkì. Ẹ fi wé iye tí ojúlówó ẹ̀dà mẹ́jọ ń lọ, nítorí mẹ́jọ ti tó yín.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ ra mẹ́jọ, kí ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, ẹni méje tàbí mẹ́jọ sí ọ̀wọ́ kan. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹnì kan máa kà, kí ìyókù máa gbọ́. Ìwé Fágúnwà dùn ún gbọ́ sétí ju bó ṣe dùn ún fi ojú kà lọ. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ ṣí i wò: bí àmì ohùn bá ti ṣá, tí ojú ìwé kan ṣófo tàbí dorí kodò, ó lè jẹ́ ayédèrú, ẹ dá a padà. Àwọn tó ń gbé nítòsí ọgbà yunifásítì lè bẹ ilé ìkàwé kó fi ẹ̀dà tirẹ̀ sí àyàsọ́tọ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń tọ́jú sẹ́yìn káúńtà, tí wọ́n ń yáni fún wákàtí méjì láìjẹ́ kó jáde. Bí wọ́n bá ń ṣílẹ̀kùn fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ẹ̀dà kan á yí ọwọ́ ẹni mẹ́rin.

Lọ́jọ́ ìjíròrò, ẹ yan ibi mẹ́ta nínú ìwé náà, kí kíkà ọ̀kọ̀ọ̀kan má kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kí ẹ sì dárúkọ ìwé àti òǹkọ̀wé kí ẹ tó kà á. Ìbéèrè márùn-ún péré ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ọgọ́ta èèyàn nínú agbo kan pọ̀ jù, àwọn mẹ́fà kan náà ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ẹ pín sí agbo mẹ́ta fún ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ tó padà wá jókòó pọ̀. Kí oníkálùkù sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka èdè ilé rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ dẹ́rù ba àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ká fídíò, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ má sì gbé kíkà orí kan látòkè délẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ lẹ́tà sí alákòóso àgbà ilé ìkàwé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú: orúkọ ìwé, ọjọ́ méjì tí ẹ lè wá, iye ènìyàn, àti nọ́ńbà fóònù ẹni kan ṣoṣo tí wọn yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ yẹra fún àsìkò ìdánwò. Ẹ béèrè bóyá epo jẹnẹrétọ̀ wà lọ́rùn yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ tú ká kí aago kan tó lù, kí àwọn ará ọ̀nà jíjìn lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ sì fi orúkọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kì í sábà gba àlejò tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé wọlé.