Ìlà kan ṣoṣo lórí jẹ́ẹ̀lì: ṣé irú sẹ́ẹ̀lì T kan ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì. Mo yọ DNA nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, mo fi PCR (ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, ní ìyípo-ìyípo) wo jíìnì risẹ́pítọ̀ sẹ́ẹ̀lì T wọn, ìyẹn ohun tí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn yìí fi ń dá àrùn mọ̀. Ìyípo 40 ni mo ṣe. Ìlà kan tó nípọn ni mo rí lórí jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ya DNA sọ́tọ̀ bí gígùn wọn bá ṣe rí. Ṣé oríṣi sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń jà nínú ara wọn ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má tíì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín. Jẹ́ẹ̀lì ni ojú rẹ̀ kò tó o.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì T bá ń dàgbà, ó máa ń gé V, D àti J, àwọn ègé jíìnì risẹ́pítọ̀ rẹ̀, á so wọ́n pọ̀. Ní oríkèé tí wọ́n ti pàdé, á já lẹ́tà DNA díẹ̀ kúrò, á fi òmíràn há a. Oríkèé yẹn là ń pè ní CDR3, òun ló sì mú kí irú risẹ́pítọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan lé ní mílíọ̀nù 1. Ṣùgbọ́n lẹ́tà 3, 6 tàbí 9 péré ló sábà máa ń ya gígùn wọn sọ́tọ̀. Gbogbo wọn á rọ́ mọ́ra lójú kan lórí jẹ́ẹ̀lì agarose. Ẹ lo práímà (ègé DNA kékeré tí PCR fi ń bẹ̀rẹ̀) tó ní àwọ̀ tó ń tàn, V kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ gbé e gba ẹ̀rọ capillary, tó lè ya gígùn DNA sọ́tọ̀ dé orí lẹ́tà kan. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ṣóńṣó bíi 6 sí 8 ni ẹ ó rí fún V kọ̀ọ̀kan, gígùn CDR3 kan ní ṣóńṣó kan, ti àárín á ga jù. Bí ọ̀kan bá yọrí gedegbe, ìgbà yẹn lẹ tó lè fura pé ìdílé sẹ́ẹ̀lì kan ti bí sí i.

Ìyípo 40 yẹn ló ká mi lára jù. Práímà V dà bí akéde tí a rán sí agboolé kọ̀ọ̀kan: ohùn wọn kò dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ń di ìlọ́po 2 ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, tí èkejì ń di ìlọ́po 1.9, lẹ́yìn ìyípo 30 èkíní á ti tó bíi ìlọ́po 4.7 èkejì, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ dín ìyípo kù.

DNA mélòó lẹ bù sínú túùbù? 100 nanogiráàmù kò ju ti sẹ́ẹ̀lì bí 15,000 lọ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni T. PCR kò lè fi ohun tí kò sí nínú túùbù hàn yín. Túùbù EDTA, olórí elésè àlùkò, ni kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ sí. Heparin, tó máa ń wà nínú irú túùbù mìíràn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, máa ń dí PCR lọ́wọ́. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ má ṣe bá a lọ níbi tó dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun.

Lákòótán, ẹ pín ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan sí méjì kí ẹ tó yọ DNA rárá, kí ẹ ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣóńṣó tó bá ga nínú méjèèjì ni kí ẹ gbé lọ bá olùkọ́ yín.